Àwọn òdòdó Impatiens tuntun láti orí òkè Kamẹrúùnù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láàárín ọdún 1999 sí 2023, àwọn onímọ̀ ewéko sọ ó kéré tán ẹ̀yà Impatiens mẹ́rin lórúkọ, láti inú igbó àti orí òkè ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù. Àgbègbè yìí kò jìnnà sí wa rárá: odò Cross tó ń ṣàn nínú ilẹ̀ Nàìjíríà ló jẹ́ ààlà rẹ̀ lápá kan. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jáde tí ọ̀rọ̀ òdòdó yìí bá délẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Mo dúró pẹ́ lórí àwọn kan, torí pé ohun tó wà nínú wọn pọ̀; àwọn mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Irú ewéko wo tiẹ̀ ni Impatiens?

Ewéko olómi ni. Tí ẹ bá fi èékánná tẹ ọ̀pá rẹ̀, omi ló máa tú jáde. Tí ẹ bá gbé e sókè síwájú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Oríkèé rẹ̀ máa ń wú. Tí omi bá wọ́n ọn, kíá ló máa rọ; tí òjò bá sì rọ̀, á tún nàró. Ẹ̀yà rẹ̀ lágbàáyé ju 1,000 lọ. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ni ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Madagásíkà, gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka, ẹsẹ̀ òkè Himalaya àti gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà. Balsaminaceae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn, ìdílé náà kò sì ní ju ìran méjì lọ: Impatiens tó bí lọ rẹpẹtẹ, àti Hydrocera tó jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, tó ń gbé inú àbàtà ní Éṣíà.

Èwo gan-an ni àwọn tuntun tí ẹ ń sọ?

Impatiens etindensis ló ṣáájú. Martin Cheek ti Ọgbà Kew, ilé ìwádìí ewéko ní London, àti Eberhard Fischer, ọmọ Jámánì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1999. Òkè Etinde ni wọ́n ti rí i, òkè tó ga ju 1,700 mítà lọ, tó fara ti Òkè Kamẹrúùnù ní apá ibi tó kọjú sí òkun. Impatiens frithii tẹ̀ lé e ní 2002, láti ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù bákan náà. Nígbà tó di 2023, méjì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Impatiens banen láti igbó Ebo, àti Impatiens etugei láti òkè Rumpi.

Orúkọ àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Banen ni orúkọ àwọn ènìyàn tó ni igbó Ebo láti ayébáyé. Etugei wá láti ara orúkọ Martin Etuge, ọmọ Kamẹrúùnù tó ti ń wọ igbó kó ewé jọ fún ìwádìí láti ọdún gbọ́nhan. Ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀: Impatiens mannii jẹ́ ti Gustav Mann, tó gun Òkè Kamẹrúùnù ní 1861 sí 1862 tó ń kó ewé ránṣẹ́ sí Kew, Impatiens walleriana jẹ́ ti Horace Waller, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó tó kọjá lọ ló ń rí orúkọ rẹ̀ lára òdòdó ilẹ̀ wa. Ó dára gan-an pé ọmọ onílẹ̀ tó mọ igbó náà bí ẹní mowó ti ń rí tirẹ̀ náà báyìí.

Ṣé òdòdó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, tí wọ́n fi ń pè é ní tuntun?

Rárá o. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọdẹ ń rí i, àwọn tó ń lọ sóko ń rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan ti wá fi í wé gbogbo àwọn tó jọ ọ́, ó ti kọ àpèjúwe rẹ̀, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, ó sì ti jáde nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè yẹ̀ wò. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ewéko náà kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gé igbó lè mú ìwé wá pé kò sí ohun àràmàǹdà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lè jiyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìsọmọlórúkọ ewéko sí iṣẹ́ ààbò. Ohun tí kò lórúkọ, kò sí bí a ṣe máa kọ ọ́ sínú òfin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú wò, iṣẹ́ sì ni. Òdòdó Impatiens ń dorí kodò: bó ṣe ń dàgbà ni ọrùn rẹ̀ ń yí, títí ohun tó yẹ kó wà lókè á fi wá sísàlẹ̀. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, ṣùgbọ́n mẹ́ta lojú ń rí, nítorí pé mẹ́rin nínú wọn lẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì lápá ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn òdòdó náà ni àpò kan wà tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ títí tó fi di ìrù. Inú ìrù yìí ni oje dídùn tó ń fa kòkòrò àti ẹyẹ mọ́ra ń pa mọ́ sí. Ìrù yìí gùn, ó sì tín-ín-rín lára àwọn ẹ̀yà kan. Lára àwọn mìíràn ó kúrú, ó ki, ó sì ká kò. Onímọ̀ á wọn gígùn rẹ̀, á wo ibi tó tẹ̀ sí, á ka iye òdòdó tó jáde lórí ọ̀pá kan, á wá irun lára ewé àti ẹṣẹ́ kéékèèké tó ń sun oje létí ọrùn ewé. Ìyàtọ̀ tó lè máà tó ìka ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń dá àwọn ẹ̀yà kan mọ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ti gbígbẹ. Gbogbo ewéko tí wọ́n bá kó nígbó ni wọ́n ń tẹ̀ sáàárín bébà kó lè gbẹ, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí fún ìpamọ́. Òdòdó Impatiens kì í gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, omi ló kún inú rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra di ìdọ̀tí dúdú kan báyìí, tí ẹ kò ní mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sẹ́yìn. Joseph Hooker, tó ti ṣe ọ̀gá Kew rí, ló fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ rẹ àwọn òdòdó gbígbẹ wọ̀nyí sómi, tó ń fi abẹ́rẹ́ tú wọn palẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà títí ó fi kú ní 1911, lẹ́ni ọdún 94. Lóde òní, ẹni tó mọṣẹ́ á ya fọ́tò òdòdó náà nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró, á tú ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀, á sì ju díẹ̀ sínú ìgò ọtí kó má bàa wó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ, irú èyí tó wà ní Yaoundé, ní Limbe àti ní Kew, láti fi í wé gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ ewéko Christopher Grey-Wilson ka àwọn Impatiens Áfíríkà pọ̀ ní 1980, wọ́n ti ju 100 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun rí ẹ̀yà tuntun gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára gbogbo wọn, àti lára àwọn tí wọ́n tún ti sọ lórúkọ lẹ́yìn náà.

Ta ló ń fọwọ́ sí orúkọ náà? Ṣé ìjọba ni?

Kò sí ọwọ́ ìjọba níbẹ̀. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko gbogbo ayé jọ ń tẹ̀ lé, wọ́n sì máa ń jókòó tún un ṣe ní ìpàdé ńlá wọn. Ọdún 1753 ni òfin náà ka gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ọdún tí onímọ̀ ewéko Linnaeus tẹ ìwé tó ti sọ ewéko lórúkọ ẹlẹ́yọ méjì. Ọdún náà ni orúkọ Impatiens fúnra rẹ̀ ti wà. Orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó bófin mu ló ń borí. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí: ewé gbígbẹ kan pàtó, tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí wọ́n já a, ibi tí wọ́n ti já a àti ẹni tó já a sí ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi pamọ́ sílé tí ẹlòmíràn ti lè rí i. Tí àríyànjiyàn bá dé lọ́la, ewé yẹn ni gbogbo ènìyàn ń padà sí.

Tẹ́lẹ̀, èdè Látìn ni dandan fún àpèjúwe náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, èèyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì lè jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan.

Kí ló dé tó jẹ́ orí òkè ni wọ́n ti ń rí wọn?

Omi ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ewéko tí ara rẹ̀ jẹ́ omi kò lè rìn jìnnà síbi tí omi wà. Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, nǹkan bí 10,000 mìlímítà òjò ló ń rọ̀ lọ́dún kan. Èkó pẹ̀lú gbogbo àgbàrá rẹ̀ kì í sábà rí ju ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn lọ. Ìkùukùu láti òkun ń fẹ́ lu òkè náà, ó ń bo igbó, ara igi kì í sì í gbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni Impatiens ń fẹ́.

Ìdáhùn kejì ni àdádó. Òkè iná ni ọ̀wọ́ òkè yìí, láti erékùṣù Annobón, São Tomé, Príncipe àti Bioko nínú òkun, dé Òkè Kamẹrúùnù tó ga ju 4,000 mítà lọ, dé Kupe, Manenguba, Bamboutos àti Oku tó ga tó 3,011 mítà, títí tó fi wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ilẹ̀ tó móoru jù fún ewéko orí òkè ló wà láàárín òkè kan sí ìkejì. Irúgbìn Impatiens kì í sì í rìn jìnnà. Ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ni ìyá rẹ̀ lè jù ú. Nítorí náà, àwọn tó wà lórí òkè kan á máa bí ara wọn níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, láìrí àwọn ẹbí wọn tó wà lórí òkè kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrù òdòdó ń gùn níbí, tó ń kúrú lọ́hùn-ún, tí àwọ̀ ń yí padà. São Tomé, erékùṣù kékeré yẹn, ní Impatiens buccinalis àti Impatiens thomensis tirẹ̀.

Ibi tó fún wọn ní ìwà wọn náà ló ń sọ wọ́n di ẹlẹgẹ́. Ẹ̀yà tó jẹ́ pé orí òkè kan ṣoṣo ló wà, tí wọ́n bá fi ibẹ̀ dáko, ó tán nìyẹn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbé orí igi. Ṣé bí àfòmọ́ ni?

Ẹ má fi wọ́n wé àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa ti ẹnu rẹ̀ bọ ara igi tó gbà á lálejò, á máa mu omi àti oúnjẹ rẹ̀, ìdí nìyí tí àgbẹ̀ olókoòwò kòkó kì í fi í fẹ́ rí i. Impatiens etindensis àti Impatiens frithii kàn jókòó sórí igi ni. Gbòǹgbò wọn wà nínú àwọn ewéko tútù kéékèèké tó bo èèpo igi àti nínú ewé jíjẹrà tó kó jọ sí ìta ẹ̀ka. Òjò àti ìkùukùu ni wọ́n ń mu. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi náà àyàfi àyè.

Ṣùgbọ́n orí igi máa ń gbẹ tí òjò bá dáwọ́ dúró. Etindensis ti wá nǹkan ṣe sí ìyẹn: ó ta iṣu kékeré sídìí, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi àti oúnjẹ sí. Impatiens tó ń gbé orí igi kò wọ́pọ̀. Èyí tó tún wá ń ta iṣu síbẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kí á dúró wò dáadáa.

Kí ló ń bá wọn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó káàkiri?

Oyin àti labalábá ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ Impatiens. Ti frithii yàtọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òdòdó rẹ̀ pupa, ẹyẹ ló sì ń bẹ̀ ẹ́ wò: ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó tẹ̀, Cyanomitra oritis, tó jẹ́ pé àwọn òkè Kamẹrúùnù, erékùṣù Bioko àti òkè ìlà-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé.

Kí á kọ́kọ́ mọ bí òdòdó náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe akọ ná, kó tó wá ṣe abo. Àwọn ẹ̀yà akọ márùn-ún inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì bo ẹ̀yà abo mọ́lẹ̀ pátápátá. Lẹ́búlẹ́bú ni òdòdó ń fún àlejò rẹ̀ ní àkókò yìí. Tó bá yá, ìbòrí náà á já bọ́, ẹ̀yà abo á sì yọjú, á ṣetán láti gba lẹ́búlẹ́bú tí àlejò gbé wá láti ibòmíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, òdòdó kan kì í sábà gba tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Impatiens, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí wà lókè ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn tàbí orí àlejò ni wọ́n sì máa ń fara kàn.

Àwọn onímọ̀ méjì láti orílẹ̀-èdè Czech, Michael Bartoš àti Štěpán Janeček, wo frithii lórí Òkè Kamẹrúùnù, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2014. Ìrù òdòdó yìí ká, ẹnu ẹyẹ náà tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọjú sí ibì kan náà nígbà tí ẹyẹ kọ́kọ́ dé. Bí ẹyẹ bá ṣe ń ti ẹnu bọ inú ìrù, òdòdó náà á yí lórí ọrùn rẹ̀ tó rọ̀, títí ìrù àti ẹnu á fi bá ara mu. Yíyí tó yí yìí gbé ẹ̀yà akọ lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú sì kan abẹ́ orí ẹyẹ náà, kì í ṣe òkè orí bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ bá yọ ẹnu, òdòdó á padà sí bó ṣe wà. Ẹyẹ ń mu oje rẹ̀, ó ń lọ, kò mọ̀ pé òdòdó ti rán òun níṣẹ́.

Ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá ti gé igbó yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ frithii lórúkọ ní 2002, ta ni ì bá mọ̀ pé òdòdó kan wà tó ń ṣe báyìí?

Ṣé òótọ́ ni pé èso rẹ̀ máa ń bú gbàmù?

Òótọ́ ni. Àpò èso rẹ̀ ní ìlà márùn-ún. Bó ṣe ń gbó ni omi inú rẹ̀ ń ti ògiri rẹ̀ síta, tí ara rẹ̀ ń le bí rọ́bà kànnàkànnà tí ọmọdé fà dé òpin. Ìka ọwọ́ kàn án báyìí, tàbí òjò kán sí i lára, ìlà márààrún á já, wọ́n á ká kò lójijì, irúgbìn á sì fò káàkiri. Impatiens glandulifera láti Himalaya lè ju irúgbìn rẹ̀ tó mítà méje. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá ní Impatiens nínú ìkòkò nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra fọwọ́ kan èso tó ti gbó, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ṣé òun náà ni òdòdó aláràbarà tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì?

Ìbátan ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà ni Impatiens walleriana, tó wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, láti Kẹ́ńyà dé Mòsáḿbíìkì. Èkejì, tí òdòdó rẹ̀ tóbi jù, tí ewé rẹ̀ sì máa ń dán, wá láti ara Impatiens hawkeri ti erékùṣù New Guinea. Ìgbẹ́ ni àwọn méjèèjì ti wá kí wọ́n tó di ti ọgbà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn olówò òdòdó mọ̀. Ní nǹkan bí 2011 sí 2012, àrùn ewé kan ba walleriana jẹ́ rẹ́kẹrẹ̀kẹ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Funfun á bo abẹ́ ewé, ewé á sì wọ̀ dànù. Hawkeri kò kó àrùn náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ làwọn tó ń ṣe irúgbìn ń sáré wá àwọn ìbátan inú igbó, bóyá wọ́n á rí èyí tó lágbára. Kò sẹ́ni tó lè sáré wá ohun tó ti run.

Ṣé egbòogi ni? Ṣé a lè lò ó?

Àwọn tuntun wọ̀nyí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni já fún àgbo. Wọ́n kéré níye jù. Ẹ̀yà tí lílò rẹ̀ gbajúmọ̀ ni Impatiens balsamina ti Íńdíà, tí wọ́n ń gún láti fi kun èékánná ní Íńdíà àti Kòríà. Ohun tó ń fún un ní àwọ̀ náà wà nínú làálì tiwa, lawsone lorúkọ rẹ̀.

Níbo ni mo ti lè ra irúgbìn etindensis tàbí frithii?

Ẹ má wá a. Ẹni tó bá ń tà á, nínú igbó ló ti fà á tu, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ díẹ̀ tó kù ló fà. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014 tí Kamẹrúùnù náà sì wọ̀, sọ pé orílẹ̀-èdè tó ni ewéko gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ lò. Yàtọ̀ síyẹn, kò ní yè lọ́dọ̀ yín. Ọyẹ́ ọjọ́ méjì ní Ìbàdàn tó láti pa ewéko tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé inú ìkùukùu. Tí ẹ bá fẹ́ Impatiens nílé, ẹ ra walleriana tàbí hawkeri lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹ gbé e síbi tí òòjì wà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Ṣé wọn kò ní di koríko burúkú bí wọ́n bá tàn káàkiri?

Àwọn mẹ́rin yìí kọ́, wọn ò lè kúrò níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìbátan wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé glandulifera dé Ìlú Ọba ní 1839 nítorí ẹwà rẹ̀. Lónìí, ó ti gba etí odò níbẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń kóra jọ láti fà á tu. Ní Brazil náà, walleriana ti sá jáde nínú ọgbà, ó sì ti wọ igbó etí òkun wọn.

Kí ló fẹ́ pa wọ́n run?

Oko, gẹdú àti ọ̀nà mọ́tò. Ilẹ̀ òkè iná lọ́ràá, àgbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, èyí kò yani lẹ́nu. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, rọ́bà àti ọ̀pẹ ńláńlá ti wà láti ayé àwọn Jámánì. Òkè Kamẹrúùnù di páàkì ìjọba ní 2009, ìyẹn sì ran àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ti igbó Ebo, ilé Impatiens banen, le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù keje 2020, ìjọba Kamẹrúùnù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gé gẹdú níbẹ̀. Àwọn Banen pariwo, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀wé, ariwo náà sì gba ayé kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ààrẹ ní kí wọ́n fagi lé e. Ara ohun tí àwọn onímọ̀ náà gbé síwájú ìjọba ni orúkọ àwọn ewéko tí kò sí níbòmíràn. Orúkọ wọ̀nyẹn ló di ẹ̀rí. Ìjà lórí igbó náà kò sì tíì parí.

Kew ṣe ìṣirò kan jáde ní 2023 tó yẹ kó gbani lọ́kàn: nínú gbogbo ewéko tí a kò tíì sọ lórúkọ, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta nínú mẹ́rin ti wà nínú ewu ìparun báyìí.

Ṣé Nàìjíríà ní Impatiens tirẹ̀?

Ó ní, kódà ilẹ̀ Yorùbá ní. Impatiens irvingii, tó fẹ́ràn ibi tútù àti etí omi, ni wọ́n fi sọrí Irving, dókítà òyìnbó tó kó ewé jọ ní Abẹ́òkúta láàárín ọ̀rúndún 19. Àwọn tó ń gbé orí òkè wà ní Obudu, ní Mambilla àti ní òkè Gotel, níbi tí Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà pẹ̀lú 2,419 mítà, wà. Ìran òkè kan náà ni pẹ̀lú ti Kamẹrúùnù. Ìkùukùu àti ẹyẹ kò mọ ẹnubodè, òdòdó náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ tiwa wà ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀. Ewé tó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ, FHI sì ni àmì tí gbogbo onímọ̀ ayé fi ń dá a mọ̀. Kí apá gúúsù Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ní 1961, Nàìjíríà ni wọ́n ń bá ṣe, àwọn akóéwé láti Ìbàdàn sì ń gun àwọn òkè wọ̀nyí. Orúkọ Ọlọ́runfẹ́mi àti Dáramọ́lá ṣì wà lára àwọn ewé tí wọ́n já ní àwọn ọdún 1950, nínú àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí ewéko ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbọ́dọ̀ ṣí. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín, wọ́n rù ú wálé, wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀ kedere. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó ń ka ẹ̀kọ́ ewéko ní yunifásítì ló ti gbọ́ orúkọ wọn rí? Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ wọn, kí ìjọba sì máa fún ilé náà lówó tó tó, torí pé kòkòrò ń jẹ ewé gbígbẹ tí iná bá lọ tí afẹ́fẹ́ sì rin.

Tí mo bá rí Impatiens tí mi ò mọ̀ rí, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fà á tu. Ẹ fi fóònù yín ya òdòdó náà láti iwájú, kí ẹ tún yà á láti ẹ̀gbẹ́ kí ìrù rẹ̀ lè hàn látòkè délẹ̀. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì wúlò jù. Ẹ ya ewé rẹ̀, lójú àti lẹ́yìn, ẹ ya ọ̀pá àti oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì ya ibi tó ń gbé: orí àpáta ni, orí igi ni, àbí etí omi. Ẹ fi ìka tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè yéni. Ẹ kọ ọjọ́ náà àti orúkọ ìlú tó wà nítòsí sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, kí ẹ kọ ìyẹn náà bí wọ́n ṣe pè é gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé e sórí iNaturalist, ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tó mọ Impatiens ti máa ń wo fọ́tò, tàbí kí ẹ mú u lọ bá àwọn tó wà ní Jẹ́ríkò. Tí ó bá jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè lọ fà á tu láti tà ni ẹ ti rí i, ẹ má kọ ojú ibẹ̀ gan-an síta. Onímọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi hàn.